Ìpápánu ọmọdé fún ọjọ́ ọdún, bí a ṣe ń ṣe é nílé wa ní Àjàṣẹ́

Bí ọdún bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, oúnjẹ àgbà ni gbogbo ilé máa ń gbìmọ̀ lé lórí. Ta ni yóò se ìrẹsì? Ta ni yóò ro amiwo, ọkà àgbàdo onítòmátì? Adìẹ mélòó ni a ó pa? Oúnjẹ wọ̀nyí kì í sì í jinná kó tó di aago méjì ọ̀sán. Àwọn ọmọ ti jí láti ìdájí, wọ́n ti wọ aṣọ ọdún, wọ́n ti sáré yí agboolé ká, ebi sì ti dé. Ohun tí ọwọ́ wọn máa ń tẹ̀ nígbà náà kò ju bisikíìtì àti ohun mímu inú ìgò lọ. Nígbà tí ìrẹsì bá wá dé, ṣúgà ti kún inú wọn, wọn á fọwọ́ ti abọ́ sẹ́yìn, àgbà á sì máa pariwo lé wọn lórí. Mi ò rí ẹ̀bi ọmọ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, pàápàá inú ọmọ ọdún mẹ́rin.

Nínú ẹbí wa ní Attakè, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, èmi ni wọ́n gbé oúnjẹ àwọn ọmọdé lé lọ́wọ́ ní Kérésìmesì àti ọdún tuntun, àwọn ọmọ sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Tàǹtí ni àkàrà wà. Bí mo ṣe ń ṣe é fún ọmọ bí 20 ni mo fẹ́ sọ níbí, kí ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe é nílé tirẹ̀. Ohun tí mo dì mú kò pọ̀: kí ọmọdé kọ́kọ́ jẹun lọ́jọ́ ọdún, kí ohun tí yóò jẹ jẹ́ oúnjẹ gidi, kó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láìlo ṣíbí. Àkàrà, wàrà, ablo tí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo ṣe tí a sì fi ooru sè, ẹja, ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lọ́jà wa. Kò sí ọ̀kan tó nílò ààrò òyìnbó.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè àwọn tó ń bọ̀

Kí n tó náwó kankan, mo máa ń pe àwọn ìyá ọmọ lórí fóònù. Ohun mẹ́ta ni mo ń bèèrè: ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ yín, kí ni ara rẹ̀ kì í gbà, kí sì ni ẹ kì í jẹ nílé yín? Ẹyin kì í bá ọmọ kan lára mu. Ẹ̀pà a máa wú ètè ẹlòmíràn, ó sì lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀, ẹ̀pà kò ní wọ ilé ìdáná mi lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni òróró ẹ̀pà. Òróró sóyà tàbí ti òwú ni mo máa fi dín ohun gbogbo.

Ní ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, mo ti yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ẹbí Àjàṣẹ́ ni wá. Mùsùlùmí wà nínú wa, Àgùdà wà, àwọn ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ náà wà, ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú yìí gan-an ní 1947. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, Sẹ̀lẹ́ kì í jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún kò sì ní dúró ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí sọ́sééjì kó tó nawọ́. Mo fẹ́ kí abọ́ tí a bá gbé kalẹ̀ jẹ́ èyí tí gbogbo ọmọ lè nawọ́ sí láìbẹ̀rù, kí ìyá kankan má baà máa já oúnjẹ gbà lẹ́nu ọmọ rẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ orí ni mo máa ń mú le jù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin kò tíì lè rún oúnjẹ líle kúnná dáadáa, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ohun tó bá rí roboto, tó le tàbí tó ń yọ̀, lè há sí i lọ́fun kó sì dí i léèémí: odindi ẹ̀pà, kúlíkúlí, súìtì, gúgúrú, àgbọn gígé, sọ́sééjì tí wọ́n gé ní ìbú. Ìwọ̀nyí kì í dé orí ẹní àwọn ọmọdé nílé wa, kódà bí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn bá ń bẹ̀bẹ̀. Ohun tó bá gùn tó sì rí roboto, òòró ni kí ẹ là á sí, ọ̀nà mẹ́rin, ẹ má gé e ní ìbú. Oyin náà ńkọ́? ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, bó ti wù kó kéré mọ.

Ọjà

Ẹ̀wà, ìyẹ̀fun àti àlùbọ́sà, ọjà Ouando ni mo ti ń rà wọ́n. Bí ọjà Adjarra bá bọ́ sí ìtòsí ọdún, mo máa ń gba ibẹ̀ lọ nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọjà ọrọọrún ni, nítorí náà ẹ ka ọjọ́ dáadáa. Fún ọmọ 20, mo máa ń ra ẹ̀wà kílò kan, wàrà ńlá mẹ́rin, ẹja àrọ̀ kílò kan àbọ̀, ìyẹ̀fun àgbàdo kúnná 500 gíráàmù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dúdú, ọ̀dùnkún díẹ̀, ọ̀pẹ òyìnbó mẹ́ta, ẹyin àti òróró lítà mẹ́ta. Ó máa ń tó, ó sì máa ń ṣẹ́kù.

Ọ̀pẹ òyìnbó Allada ni kí ẹ wá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pain de sucre. Àwọ̀ rẹ̀ lè tàn yín jẹ, torí ó lè pọ́n tán kí èèpo rẹ̀ ṣì tutù bí ewé. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ símú. Bí òórùn dídùn bá ti ń ti ibẹ̀ jáde, ó ti pọ́n. Funfun ni inú rẹ̀, kò kan, kì í ta ọmọ lẹ́nu bíi tàwọn yòókù.

Wàrà, lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Ẹ fìka tẹ̀ ẹ́ wò: kó le díẹ̀, kó má fọ́. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀: kó má kan. Èyí tó funfun àti èyí tó pupa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Omi ewé ọkà bàbà ni wọ́n fi pa èyí tó pupa láró, ó sì máa ń jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó bàjẹ́. Fún ọmọdé, èyí tó funfun ni mo máa ń mú, nítorí mo lè tètè rí ìdọ̀tí lára rẹ̀.

Àkàrà tó gba ẹnu ọmọ

Àkàrà ni olórí. Kò sí ọmọ Àjàṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni kò ní máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tọ́ ọ wò. Àmọ́ ẹ má dín àkàrà ńlá kí ẹ wá gé e sí wẹ́wẹ́. Yóò rún sí wọn láṣọ, òróró inú rẹ̀ á sì máa ṣàn sí wọn lápá. Inú ìkòkò ni kó ti kéré wá.

Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi fún bí ìṣẹ́jú 30, ẹ bó o, ẹ ṣàn án títí èèpo yóò fi lọ tán, kí ẹ tún wá rẹ ẹ́ sínú omi tuntun fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí ẹ bá ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ, ẹ gbọ́ ohun tí mo máa ń ṣe. Ẹni tó ṣáájú yín lè ti lọ ata, omi tí ọlọ́ẹ̀rọ fi ń ṣan ẹ̀rọ kì í sì í kó ata lọ tán. Mo máa ń bu ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ méjì sọ́tọ̀, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ fi ìyẹn kọjá nínú ẹ̀rọ. Ohun tó bá jáde, mo máa ń gbà á sínú abọ́ mìíràn, ó di ti àkàrà àgbà. Lẹ́yìn náà ni mo tó gbé ti àwọn ọmọ sí i. Ẹ sọ fún ọlọ́ẹ̀rọ pẹ̀lú pé kó má bomi sí i púpọ̀. Ó máa ń yá wọn lára láti bomi sí i, nítorí ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tètè lọ ọ́.

Ẹ̀wà lílọ náà gbọ́dọ̀ ki. Ẹ dà á sínú abọ́ jíjìn, ẹ máa fi ọmọ odó tàbí ṣíbí igi lù ú títí yóò fi funfun sí i, tí yóò wú, tí yóò sì fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Apá á ro yín. Ẹ pe ẹlòmíràn kó gbà á lọ́wọ́ yín, kó máa bá a lọ. Afẹ́fẹ́ tó bá wọ inú rẹ̀ yìí nìkan ló máa jẹ́ kí àkàrà rọ̀, torí náà ẹ má fi ìyẹ̀fun tí ń mú nǹkan wú rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ kán díẹ̀ sínú ife omi. Bó bá rì, ẹ máa lù ú lọ. Bó bá léfòó, ó ti ṣe tán.

Ìgbà tí òróró bá ti gbóná lórí iná ni kí ẹ tó da àlùbọ́sà àti iyọ̀ ìwọ̀nba sínú ẹ̀wà lílù náà. Bí iyọ̀ àti àlùbọ́sà bá pẹ́ nínú rẹ̀, omi àlùbọ́sà á jáde, gbogbo ohun tí ẹ lù á sì tú. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà náà wẹ́wẹ́ gidigidi, nítorí ọmọ tó bá rí i yóò fi ọ̀sán odindi máa yọ ọ́ síta. Kò sí ata níbẹ̀ rárá. Ìyá ọkọ mi máa ń sọ pé àkàrà tí kò ní ata, oúnjẹ aláìsàn ni. Fún àwọn àgbà, mo máa ń lọ ata tútù sí abọ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n fi jẹ ẹ́.

Òróró kó jìn tó ìka mẹ́ta, iná kó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ṣíbí tí a fi ń po tíì ni kí ẹ fi bù ú. Ẹ kọ́kọ́ ti ṣíbí bọ omi kó má baà lẹ̀, ẹ bu ẹ̀wà, ẹ gbé e sún mọ́ òróró, ẹ fi ṣíbí kejì tì í bọ́ síbẹ̀ jẹ́jẹ́. Yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, yóò dìde, òróró á máa hó yí i ká. Bó bá dúdú kíá, inú rẹ̀ kò tíì jinná: ẹ rẹ iná sílẹ̀. Bó bá rì tí kò tètè dìde, òróró kò tíì gbóná: ẹ dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin máa ń tó fún irú àkàrà yìí. Ẹ la ọ̀kan sí méjì kí ẹ tó kó àkọ́kọ́ kúrò. Ẹ̀wà tútù láàárín rẹ̀ á run ọmọ nínú. Ẹ má sì fi àkàrà kún ìkòkò. Bí wọ́n bá fún mọ́ ara wọn, òróró á tutù, wọn á sì mu ún yó.

Mo mọ̀ pé epo pupa ló dùn jù lẹ́nu àgbà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àgbà. Lẹ́ẹ̀sì funfun ni wọ́n máa ń rán fún ọmọ ọdún méjì.

Wàrà àti ọ̀pẹ òyìnbó

Wàrà kì í yọ́ bíi ti òyìnbó, ohun tó jẹ́ kó bá ọmọdé mu nìyẹn: bí ẹ bá ti gé e, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí títí yóò fi dẹ́nu. Wọ́n ti se é kí wọ́n tó gbé e wá sọ́jà, ṣùgbọ́n ó ti gba ọwọ́ púpọ̀, eruku ti bà lé e. Ẹ tún un sè nínú omi oníyọ̀ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ dáadáa, nítorí wàrà olómi máa ń jẹ́ kí òróró ta sí èèyàn lójú. Fún àwọn àgbà ọmọ, ẹ gé e ní igun mẹ́rin. Fún àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ẹ gé e pẹlẹbẹ, kó gùn díẹ̀, kó sì tín-ín-rín. Bí ara rẹ̀ bá ti pọ́n díẹ̀ nínú òróró, ẹ yọ ọ́. Èyí tó bá pẹ́ níbẹ̀ á le, eyín ọmọ kò ní ká a.

Àwọn kan máa ń fi igi tín-ín-rín gún un pọ̀ mọ́ ọ̀pẹ òyìnbó. Ó wu ojú. Mi ò ń lò ó fún ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹnu igi náà mú, ọmọ á sì fi í sáré. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó dandan, ẹ gé ẹnu mímú náà dànù lẹ́yìn tí ẹ bá ti gún un tán. Èmi máa ń gé ọ̀pẹ òyìnbó pẹlẹbẹ, mo máa ń yọ àárín rẹ̀ tó le kúrò, mo sì máa ń gbé wàrà lé e. Ọmọ á gbé méjèèjì sẹ́nu papọ̀: iyọ̀ wàrà, adùn ọ̀pẹ. Èyí ló máa ń kọ́kọ́ tán lórí ẹní.

Ablo kékeré, ẹja nínú rẹ̀

Èyí gba iṣẹ́, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ablo rọ̀, ó dùn díẹ̀. Ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lè jẹ ẹ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá náà kò ní kọ̀ ọ́.

Nínú ìyẹ̀fun àgbàdo 500 gíráàmù, ẹ bu bíi 100 sọ́tọ̀. Ẹ pò ó mọ́ omi tútù kó má baà lọ́mọ, ẹ dà á sínú omi tó ń hó, kí gbogbo omi náà jẹ́ bí ìdajì lítà, ẹ máa rò ó títí yóò fi di ẹ̀kọ mímu tó ki. Ẹ jẹ́ kó tutù di lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí ìka yín kò bá lè dúró nínú rẹ̀, ìwúkàrà kò ní lè yè nínú rẹ̀. Ẹ wá da ìyẹ̀fun àgbàdo tó kù sí i, ìyẹ̀fun àlìkámà 100 gíráàmù, ṣúgà 80 gíráàmù, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, àti ìwúkàrà ṣíbí tíì kan, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ní levure. Ẹ máa fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ kún un títí yóò fi máa wọ́ bọ́ láti orí ṣíbí láìṣàn. Ẹ bò ó, ẹ gbé e síbi tó móoru fún wákàtí kan àbọ̀ sí méjì. Yóò wú, ojú rẹ̀ á kún fún ihò wẹ́wẹ́.

Àwọn agolo kékeré tí a fi ń se ablo wà lọ́jà. Ẹ má lo agolo mílíìkì tí wọ́n fi ọ̀bẹ là, etí rẹ̀ mú. Ẹ má sì lo ọ̀rá. Ẹ fi òróró pa inú agolo, ẹ rọ ọ́ kó má kún, kó ku díẹ̀. Nínú ìkòkò tí omi rẹ̀ ti ń hó, ẹ fi ooru se é fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi aṣọ mímọ́ di ìdérí ìkòkò náà. Bí ẹ kò bá dì í, omi ooru á máa kán sórí ablo, ojú rẹ̀ á ṣẹ́pọ́n, á sì lẹ̀ mọ́ ọmọ lọ́wọ́.

Ẹja ló máa ń ba àwọn ìyá lẹ́rù nínú oúnjẹ ọmọdé, ìdí rẹ̀ sì yé mi. Èpìyà dùn, ṣùgbọ́n egungun wẹ́wẹ́ rẹ̀ pọ̀. Àrọ̀ ni mo ń lò, nítorí egungun àárín rẹ̀ tóbi, ẹran ara rẹ̀ sì máa ń ṣí kúrò lódindi. Àwọn tó ń sìn ín pọ̀ nílùú wa. Songhaï, oko ẹ̀kọ́ tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1985, náà ń sin ẹja. Ẹ fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kúrò, ẹ fi àlùbọ́sà àti ata ilẹ̀ díẹ̀ sè é fún bí ìṣẹ́jú 15, ẹ jẹ́ kó tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ bù ú díẹ̀díẹ̀ sórí abọ́ funfun, ẹ máa fi ìka àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀là rún un. Ojú lè fo egungun dá, ìka kì í fo ó. Bí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò ń gbé iṣẹ́ yìí fún ẹni tó ń kánjú.

Ẹ po ẹja náà mọ́ iṣu sísè tí ẹ ti gún, ẹyin kan, àti àlùbọ́sà eléwé wẹ́wẹ́. Bí ọmọ tí kì í jẹ ẹyin bá wà, iṣu nìkan náà lè dì í mú. Ẹ ṣe é pẹlẹbẹ, kó gbòòrò tó ablo yín, ẹ dín in nínú òróró díẹ̀ lórí páànù, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ la ablo láàárín, ẹ fi ẹja sí i, ẹ pa á dé. Ọmọ kan á fọwọ́ kan mú un, kò sí ohun tí yóò kán sílẹ̀. Mo ti rí àgbà tó ń yọ́ wá bèèrè tirẹ̀, ẹ se é kó lé díẹ̀.

Àwọn tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dúdú, ẹ rún un mọ́ ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ àti iyọ̀ kín-ún, ẹ fi ṣíbí tíì dín in: talé-talé ni. Ẹ má fi ṣúgà sí i, adùn tirẹ̀ tó. Ọ̀dùnkún, ẹ gé e ní òòró, ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ kí ẹ tó dín in. Ẹyin sísè, ẹ là á sí mẹ́rin. Atchomon, ìyẹn ṣinṣín, le jù fún àwọn kékeré; ti àwọn ẹ̀gbọ́n ni.

Ìgbà tí a ń ṣe ohun kọ̀ọ̀kan

Ọjọ́ tó ṣáájú ọdún: ẹ se ẹja, ẹ yọ egungun rẹ̀, ẹ gbé e sínú fìríìjì, ẹ se wàrà lómi. Bí iná mànàmáná bá lè lọ, ẹ ra yìnyín, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà. Ẹ bó ẹ̀wà lálẹ́, ẹ gbé e sínú omi níbi tó tutù. Lówùúrọ̀ ọjọ́ ọdún, aago mẹ́fà, ẹ̀wà lọ sí ẹ̀rọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í po ablo. Aago mẹ́sàn-án, ablo wà lórí iná. Aago mẹ́wàá, a bẹ̀rẹ̀ dídín. Aago mọ́kànlá, àwọn ọmọ jókòó. Nígbà tí ìrẹsì àgbà bá fi jinná, wọ́n ti ṣeré fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n sì tún lè jẹ díẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí oúnjẹ jíjinná má ṣe wà níta ju wákàtí méjì lọ. Nínú ooru tiwa, wákàtí kan ni mo fi sí, pàápàá fún ẹja àti wàrà. Nítorí náà mi ò ń kó gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan: ìdajì á lọ sórí ẹní, ìdajì á wà nínú kúlà, mo sì máa ń dín àkàrà ìpele kejì bí àkọ́kọ́ bá ti ń tán. Ọyẹ́ náà wà níbẹ̀ lásìkò yẹn, eruku rẹ̀ kì í rí oúnjẹ tó ṣí sílẹ̀ kó fi í sílẹ̀. Gbogbo abọ́ ló gbọ́dọ̀ ní ìdérí tàbí aṣọ tó mọ́.

Iná ńkọ́? Ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé gáàsì sí lọ́jọ́ ọdún, nítorí àyè. Mo máa ń fi bẹ́ńṣì dí ibi tí mo ti ń dáná, mo sì máa ń yan ọmọ ọdún 13 tàbí 14 kan kó dúró níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dá àwọn àbúrò rẹ̀ padà lọ. Etí ìkòkò kọjú sí ògiri. Òróró tí a ti lò kì í kúrò lójú kan àfi tó bá tutù pátápátá. Àwọn ọmọ ọdún méje sókè tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, iṣẹ́ wà fún wọn lẹ́yìn bẹ́ńṣì: kí wọ́n máa gbé wàrà lé ọ̀pẹ òyìnbó, kí wọ́n máa to ablo sínú àwo. Ọmọ tó bá bá wa ṣe oúnjẹ kì í ṣòro láti bọ́.

Bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀

Ẹ tẹ́ ẹní sábẹ́ ìbòòji. Ẹ fọ ọwọ́ gbogbo wọn pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi lásán tan yín. Kí wọ́n jókòó jẹ ẹ́, kò sí eré sísá pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu, kò sí ìjà. Àgbà kan gbọ́dọ̀ jókòó tì wọ́n, kó má fi ojú sí fóònù. Bí oúnjẹ bá há ọmọ tó ti lé ní ọdún kan lọ́fun, tí kò lè sunkún tí kò sì lè wúkọ́, kí àgbà náà tẹ̀ ẹ́ síwájú, kó fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún pẹ̀lú agbára, kí àwọn yòókù sì máa wá ìrànlọ́wọ́. Ẹ má ti ìka bọ ọ̀fun ọmọ tí ẹ kò bá rí ohun tó há. Ìka lè tì í wọlé sí i.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún wọn. Èèpo ọ̀pẹ òyìnbó tí ẹ bó, ẹ má dà á nù: ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó bó o, ẹ sè é pẹ̀lú koríko ọba àti ata ilẹ̀ díẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e sínú yìnyín. Ṣúgà díẹ̀ tó o. Bissap, omi ìṣápá pupa, dùn, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ, mo máa ń gbé e pamọ́ di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti bọ́ aṣọ ọdún.

Láàárín Kérésìmesì sí ọdún tuntun, àwọn ọmọ kaleta máa ń wọlé pẹ̀lú ìbòjú àti ìlù wọn, wọn á jó, a ó sì fún wọn lówó. Ọmọdé làwọn náà, òòrùn sì ti pa wọ́n kiri àdúgbò láti àárọ̀. Nínú ẹ̀wà lílọ, mo máa ń pa bí ife méjì mọ́ nítorí tiwọn, kí iyọ̀ má tíì kàn án. Bí mo bá ti ń gbọ́ ìlù ní kọ̀rọ̀ òpópónà, mo ti ń gbé òróró kaná, kí wọ́n tó jó tán àkàrà ti jáde. Ewé ni mo fi ń dì í fún wọn, wọn á sì máa jẹ ẹ́ lọ sí ilé kejì.

Àkàrà tó bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ kó o sínú abọ́ tó ní ìdérí, kó wọ fìríìjì lọ́jọ́ náà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tò ó sórí páànù gbígbẹ láìfi òróró sí i, ẹ bò ó, ẹ rẹ iná sílẹ̀. Yóò gbóná dénú, ẹ fi mu ẹ̀kọ. Wàrà tí ẹ kò tíì dín, ẹ tún un sè lójoojúmọ́ nínú omi iyọ̀ títí ẹ ó fi jẹ ẹ́ tán. Ẹja tó ti wà lórí ẹní, ẹ má pa á mọ́.